Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù: kí ló dé tí àlọ jẹ́ wákàtí mẹ́fà ààbọ̀, tí àbọ̀ jẹ́ méje ààbọ̀?

Àbíkẹ́yìn Màmá (Tákíè, Ògbómọ̀ṣọ́)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ní ìbéèrè kan tí kò jẹ́ kí n sùn dáadáa láti ìjẹta.

Màmá mi fẹ́ lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ti súnmọ́ àtibímọ, Màmá ló máa lọ bá wọn wẹ ọmọ. Ẹni ọdún 68 ni wọ́n, wọn ò wọ bàálù rí. Tíkẹ́ẹ̀tì ti jáde, èmi ni mo ń kà á fún wọn lálẹ́ ìjẹta, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dojú rú mọ́ mi lọ́wọ́.

Àlọ, 16 oṣù kẹwàá: bàálù á gbéra ní Èkó ní 10:40 àárọ̀, á dé Lọ́ńdọ̀nù ní 5:10 ìrọ̀lẹ́. Mo kà á lórí ìka, wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ ni.

Àbọ̀, 20 oṣù kọkànlá: á gbéra ní Lọ́ńdọ̀nù ní 11:15 àárọ̀, á dé Èkó ní 6:45 ìrọ̀lẹ́. Wákàtí méje ààbọ̀ nìyẹn.

Mo wá lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo tẹ orúkọ pápákọ̀ òfurufú méjèèjì sí ibi tí wọ́n ti máa ń ṣírò bí ìlú kan ṣe jìnnà sí èkejì lójú òfurufú. Wọ́n ní ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 5,000 kìlómítà, wákàtí márùn-ún àti ogójì ìṣẹ́jú ni bàálù á lò. Ọ̀nà kan náà, iye wákàtí mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀! Màmá gbọ́, wọ́n ní, "Ṣé bàálù náà máa yà síbì kan nígbà tí mo bá ń bọ̀ ni?" Mi ò rí èsì fún wọn.

Ìdí tí mo fi ń da ara mi láàmú ni pé wọ́n ní ṣúgà. Aago méje àárọ̀ àti aago méje alẹ́ ni wọ́n ń lo oògùn wọn, wọ́n sì gbọ́dọ̀ jẹun sí i. Mo fẹ́ mọ iye wákàtí tí wọ́n máa wà lójú òfurufú ní pàtó.

Èkejì: láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Èkó ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n mi ní kí wọ́n wọ bàálù ní Ìlọrin bọ́ sí Èkó láàárọ̀ ọjọ́ náà, pé kí wọ́n má jìyà lójú títì. Kí lẹ rí sí i?

Ọmọ Ajílété

Ẹ fọkàn balẹ̀. Bàálù ò yà síbì kankan. Aago Ìlú Ọba ló yàtọ̀ sí tiwa, wákàtí kan ni wọ́n fi wà lẹ́yìn wa.

Àbíkẹ́yìn Màmá

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Àmọ́ mo pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù láàárọ̀ yìí, mo ní aago mélòó ló lù níbẹ̀. Ó ní mẹ́jọ. Mẹ́jọ náà ló lù lọ́dọ̀ wa. Bí wọ́n bá wà lẹ́yìn wa, kí ló dé tí aago fi dọ́gba?

Tíṣà Jọ́gíráfì

Ìbéèrè gidi lẹ béèrè yẹn. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń kọ́ ọmọ níṣẹ́ yìí, ibi tó máa ń rú wọn lójú jù nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká mú un lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ mú bírò àti ìwé.

Ká kọ́kọ́ rí i bóyá 5,000 kìlómítà yẹn jẹ́ òótọ́. Pápákọ̀ òfurufú Èkó wà ní nǹkan bíi dìgírì mẹ́fà ààbọ̀ sí àríwá ìlà tó pín ayé sí méjì ọgbọọgba. Heathrow, níbi tí Màmá máa sọ̀ sí bó bá jẹ́ ibẹ̀ ni tíkẹ́ẹ̀tì wọn wí, wà ní dìgírì mọ́kànléláàádọ́ta ààbọ̀. Ẹ yọ 6.5 kúrò nínú 51.5, ó ku 45. Dìgírì kan, láti gúúsù sí àríwá, jẹ́ nǹkan bí 111 kìlómítà. Ẹ wá sọ 45 di ìlọ́po 111. Kí lẹ rí? 4,995. Ẹ ò lo kọ̀ǹpútà, ẹ ò lo íntánẹ́ẹ̀tì.

Kì í ṣe ìlú méjì gbogbo la lè ṣe báyìí fún o. Ó ṣeé ṣe fún Èkó àti Lọ́ńdọ̀nù nítorí pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí ìlà kan náà láti òkè ayé wá sísàlẹ̀. Ẹni tó bá dúró ní Èkó, tó kọjú sí àríwá gan-an, Lọ́ńdọ̀nù fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní ọ̀gangan iwájú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí aago wa àti tiwọn ò fi jìnnà síra.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ aago. Tiwa ní Nàìjíríà, ojú kan ló wà láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá. Wákàtí kan la fi ṣáájú aago Greenwich, èyí tí Ìlú Ọba ń lò nígbà òtútù wọn. Àwọn ará Ìlú Ọba ni wọ́n ń yí tiwọn, láti 1916 ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀. Bí ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù kẹta bá pé, wọ́n á ti aago wọn síwájú ní wákàtí kan, kí ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ lè pẹ́ fún wọn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Bí ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù kẹwàá bá pé, wọ́n á dá a padà. Nítorí náà, láti ìparí oṣù kẹta sí ìparí oṣù kẹwàá, aago wọn àti tiwa dọ́gba. Láti ìparí oṣù kẹwàá sí ìparí oṣù kẹta, wọ́n á wà lẹ́yìn wa ní wákàtí kan. Ọ̀rọ̀ yín jóòótọ́, ti Ọmọ Ajílété náà jóòótọ́, oṣù ló yàtọ̀.

Ẹ wá wo tíkẹ́ẹ̀tì yín. 16 oṣù kẹwàá, wọn ò tíì yí aago: 10:40 sí 5:10, wákàtí mẹ́fà ààbọ̀. 20 oṣù kọkànlá, wọ́n ti yí i: nígbà tó bá jẹ́ 11:15 lọ́dọ̀ wọn, 12:15 ló jẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Láti 12:15 sí 6:45 jẹ́ wákàtí mélòó? Mẹ́fà ààbọ̀. Ẹ sọ fún Màmá pé àlọ àti àbọ̀ dọ́gba.

Àbíkẹ́yìn Màmá

Háà! Mo ti ṣe é lórí ìwé, ó bọ́ sí i. Mo lọ bá wọn ní kíṣìnnì, mo ṣàlàyé fún wọn, wọ́n ní, "Kí ló tún dé tí òyìnbó ń ti aago síwá sẹ́yìn?" Ọlọ́run á túbọ̀ máa fún yín lọ́gbọ́n, sà. Ó wá ku wákàtí márùn-ún àti ogójì ìṣẹ́jú yẹn. Ibo ni àádọ́ta ìṣẹ́jú tó kù lọ?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀ndà G

Mo rò pé yíyí tí ayé ń yí ló fà á. Bí bàálù bá wà lókè, ayé ń yí lọ lábẹ́ rẹ̀, nítorí náà ó máa ń gba àfikún àkókò kó tó bá ibi tó ń lọ.

Tíṣà Jọ́gíráfì

Rárá o, ọmọ mi, kò rí bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí bàálù ń fò nínú rẹ̀ ń bá ayé yí ni. Bí o bá jókòó nínú bọ́ọ̀sì tó ń sáré lọ sí Ọ̀yọ́, tí o ju owó wẹ́wẹ́ sókè, ṣebí àtẹ́lẹwọ́ rẹ náà ló máa padà bọ́ sí? Kò ní fò lọ bá àwọn tó jókòó lẹ́yìn. Bó bá jẹ́ pé ayé máa ń yí kúrò lábẹ́ bàálù, ẹni tó bá gbéra ní Àkúrẹ́ á kàn dúró lókè títí Ìbàdàn á fi wá bá a. Àwọn tó ń tajà tíkẹ́ẹ̀tì níbí á lè ṣàlàyé àádọ́ta ìṣẹ́jú yẹn jù mí lọ.

Oníṣẹ́ Tíkẹ́ẹ̀tì

Mo dúpẹ́, sà. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bi mí ní ṣọ́ọ̀bù.

Àwọn tó ń ṣírò lórí íntánẹ́ẹ̀tì yẹn, ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á mú 5,000 kìlómítà, wọ́n á fi eré bàálù pín in. Bàálù ńlá máa ń sá 800 sí 900 kìlómítà láàárín wákàtí kan bó bá ti dé òkè. Ẹ fi 880 pín 5,000, ẹ ó rí wákàtí márùn-ún àti ogójì ìṣẹ́jú yín níbẹ̀. Bí ìgbà tí bàálù bá já láti ilé pẹ̀lú gbogbo eré rẹ̀, tí ó sì fi eré náà wọ yàrá ẹ̀gbọ́n yín.

Ti ilé-iṣẹ́ bàálù ò rí bẹ́ẹ̀. Àkókò tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n bá yọ igi tí wọ́n fi ń dí táyà bàálù, tí bàálù sì kúrò níbi tó dúró sí, títí wọ́n á fi tún gbé igi sí i ní ìlú kejì. Orúkọ igi yẹn gan-an ni àwọn òyìnbó ń pe àkókò náà. Ẹ wo ohun tó wà láàárín: wọ́n á tì í sẹ́yìn, á rọra rìn lọ sí ibi tí wọ́n ti ń sáré, á dúró de àwọn tó wà níwájú. Bó bá gbéra, kò tíì sá eré 880 yẹn, ó ṣì ń gun òkè. Bó bá kù díẹ̀ kó dé, á ti dẹ eré kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀, ìyẹn náà tó ìdajì wákàtí. Heathrow pàápàá tún ní tirẹ̀: ojú ọ̀nà ìbalẹ̀ méjì péré ló ní, ọ̀pọ̀ bàálù gbogbo ayé ló sì ń rọ́ lọ síbẹ̀. Wọ́n máa ń ní kí bàálù máa yí po lókè bí àwòdì títí tí yóò fi kàn án. Kí Màmá má fòyà bí wọ́n bá rí i pé àwọn ń yí po lókè ìlú. Ìlà ni wọ́n tò sí.

Ọ̀nà tí bàálù ń tọ̀ náà kò tọ́ bí òwú. Ọ̀nà wà lókè bó ṣe wà nílẹ̀. Láti Èkó, wọ́n sábà máa ń gba òkè ilẹ̀ Niger, aṣálẹ̀ Sàhárà ní Algeria, Òkun Mẹditaréníà àti ilẹ̀ Faransé. Bí òjò ńlá bá ṣú síwájú, wọ́n á yà fún un.

Awakọ̀ Gáréèjì Òkè

Inú mi dùn sí ọ̀rọ̀ igi abẹ́ táyà yẹn. Àwa onítírélà pàápàá, ìgbà tí mọ́tò bọ́ìì bá yọ wẹ́ẹ̀jì la tó máa ń ní ọkọ̀ ti gbéra. Mi ò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ náà ni ti bàálù.

Bàbá Olóko

Ẹ kú àdúrótì o. Ọmọbìnrin mi wà ní New York. Ó máa ń sọ fún mi pé bí òun bá ń bọ̀ wálé, bàálù máa ń yá ju ìgbà tí òun bá ń padà lọ. Mo rò pé ayọ̀ àtirí ilé ló ń jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀. Ohun tí ẹ sọ nípa Lọ́ńdọ̀nù yìí jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó.

Tíṣà Jọ́gíráfì

Bàbá, òótọ́ lọmọ yín sọ. Tòun yàtọ̀ sí ti Lọ́ńdọ̀nù. Lókè réré, níbi tí bàálù ńlá ń fò sí, afẹ́fẹ́ kan wà tó máa ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn, ó sì lágbára gan-an lápá òkè Òkun Àtìláńtíìkì. Ọmọ yín tó ń bọ̀ láti Amẹ́ríkà, afẹ́fẹ́ yẹn ń tì í lẹ́yìn. Bó bá ń padà lọ, ó ń kọjú sí i. Ó lè tó wákàtí kan sí àárín àlọ àti àbọ̀. Ti Lọ́ńdọ̀nù, láti gúúsù sí àríwá ni, ẹ̀gbẹ́ ni afẹ́fẹ́ náà ti ń kọlù wọ́n, kì í fi bẹ́ẹ̀ dá wọn dúró tàbí tì wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí mo máa ń ṣe ní kíláàsì, nítorí pé ọ̀rọ̀ New York ló mú un wá. Mo máa ń ra igbá róbótó kan lọ́jà Àradà, kì í ṣe èyí tí wọ́n ti là o, odindi. Mo fi ẹfun fa ìlà ìdajì ayé yí i ká, mo sàmì sí Èkó nítòsí ìlà náà, mo sàmì sí New York lápá òkè ní òdìkejì. Mo wá fún ọmọ kan ní òwú dúdú, mo ní kó fi òwú so àmì méjèèjì, kó fà á le. Gbogbo wọn ló máa ń kọ́kọ́ gbé òwú náà gba ibi tí ojú wọn rò pé ó tọ́, bó ṣe rí lórí máàpù ara ògiri. Bí wọ́n bá wá fà á le, òwú náà á yọ̀, á fúnra rẹ̀ sún sókè, á tẹ̀ lọ sápá àríwá. Ibẹ̀ ló kúrú jù. Ọdún tó kọjá, ọmọbìnrin kan fà á lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni òwú náà sún, ó wá gbójú sókè ó ní, "Sà, a jẹ́ pé máàpù ló ń parọ́." Mo ní kó gbé igbá náà lọ sílé.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń wọn pápákọ̀ òfurufú kan sí èkejì. Òwú tí a fà le lórí igbá ni. Èkó sí New York á fún yín ní nǹkan bí 8,400 kìlómítà.

Ẹni Òkè Òkun

Mo fẹ́ fi nǹkan kan kún ohun tí Oníṣẹ́ Tíkẹ́ẹ̀tì sọ nípa ọ̀nà. Ní 2023, lẹ́yìn tí àwọn ológun gbàjọba ní Niger, wọ́n ti ojú òfurufú wọn pa ní 6 oṣù kẹjọ. Wọn ò ṣí i títí di 4 oṣù kẹsàn-án. Niger tóbi, ó dábùú ọ̀nà wa gan-an. Ìyàwó mi wà lójú ọ̀nà bọ̀ wálé lóṣù náà. Ṣe ni bàálù wọn yí gbogbo ilẹ̀ yẹn po. Èmi ti dé pápákọ̀ òfurufú Èkó láti Ògbómọ̀ṣọ́, mo jókòó, mo ń wo pátákó tí wọ́n ń kọ àkókò sí, tí wọ́n ń yí i padà. 5,000 kìlómítà náà ò yí padà o, ṣùgbọ́n wákàtí ti yí padà pátápátá. Nítorí náà, Àbíkẹ́yìn, ẹ yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò lẹ́ẹ̀kan sí i tó bá ku ọjọ́ méjì.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Mo ti ń retí kí ẹnì kan padà sórí ọ̀rọ̀ oògùn. Àbúrò mi, ẹ kọ́kọ́ mú Màmá lọ rí dókítà wọn kí ọjọ́ ìrìnàjò tó tó, kí òun fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí ètò oògùn náà. Ohun tí mo lè sọ ni pé lọ́jọ́ ìrìnàjò, wákàtí tó wà láàárín oògùn kan sí èkejì ni kí ẹ máa kà. Ti Màmá ò le rárá: lọ́jọ́ àlọ, aago ibí àti tibẹ̀ dọ́gba, méje àárọ̀ ní Èkó àti méje alẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù jẹ́ wákàtí méjìlá géérégé. Lọ́jọ́ àbọ̀, bí wọ́n bá lò ó ní méje àárọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, méje alẹ́ ní Èkó á jẹ́ wákàtí mọ́kànlá. Wákàtí kan yẹn ni kí ẹ bi dókítà.

Oògùn ò gbọdọ̀ wọ inú ẹrù ńlá. Àpò ọwọ́ ni kó wà, nínú páálí rẹ̀, pẹ̀lú ìwé tí dókítà kọ. Ẹ fi bísíkítì síbẹ̀ pẹ̀lú. Oúnjẹ inú bàálù kì í wá ní àkókò tí ẹ fẹ́, ẹni tó ní ṣúgà ò sì gbọdọ̀ lo oògùn kó wá máa retí oúnjẹ. Bó bá ti tó wákàtí kan àbọ̀, kí wọ́n dìde na ẹsẹ̀ díẹ̀, kí wọ́n máa mu omi.

Ẹ pe ilé-iṣẹ́ bàálù ṣáájú, kí ẹ ní kí wọ́n fi àga oníkẹ̀kẹ́ dúró dè wọ́n. Wọn kì í gbowó lé e. Ìrìn inú Heathrow gùn púpọ̀, ẹni tó bá ń ti àga náà á sì mú wọn gba ibi tó yẹ títí wọ́n á fi rí ọmọ wọn.

Ará Ìlọrin

Ó kù tilẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi Màmá wọ bàálù Ìlọrin láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Mi ò bu pápákọ̀ wa o. Ó dára, ó sì rọrùn fún ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́ ju àwa tó wà láàárín ìlú lọ, nítorí ọwọ́ ọ̀nà yín ló wà, ẹ ò ní wọ inú ìlú kẹ́ ẹ tó dé ibẹ̀. Bó bá jẹ́ Àbújá lẹ ń lọ, Ìlọrin ni mo máa ní kẹ́ ẹ gbà: láti ibẹ̀ sí Àbújá lójú òfurufú jẹ́ nǹkan bí 310 kìlómítà, ti Ìbàdàn jẹ́ nǹkan bí 405, ti Èkó lé ní 500.

Ṣùgbọ́n Ìlọrin sí Èkó jẹ́ nǹkan bí 245 kìlómítà péré. Ẹni tó bá gbọ́ á ní ogún ìṣẹ́jú ni. Bàálù ò tíì gun òkè tán tí á ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀, nítorí náà ẹ ka wákàtí kan. Ẹ ti gbọ́dọ̀ dé pápákọ̀ ní wákàtí kan àbọ̀ ṣáájú. Bẹ́ ẹ bá dé Èkó, ibi tí bàálù abẹ́lé ń sọ̀ sí kọ́ ni ibi tí ti òkè òkun ti ń gbéra, ẹ máa gba ẹrù, ẹ máa wọ ọkọ̀ lọ sí ìkejì. Ti òkè òkun sì ń fẹ́ kí ẹ ti wà níbẹ̀ ní wákàtí mẹ́ta ṣáájú. 10:40 yọ wákàtí mẹ́ta, 7:40 nìyẹn. Aago mélòó ni bàálù Ìlọrin á gbéra tí ẹ ó fi bá a?

Mo sọ ọ́ nítorí ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Oṣù kìíní ni, ọyẹ́ mú gan-an, eruku bo gbogbo ojú òfurufú, a ò rí òpin ibi tí bàálù ti ń sáré. A jókòó láti aago méje di aago kan ọ̀sán. Bàálù òkè òkun mi ti lọ. Tíkẹ́ẹ̀tì méjèèjì wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹnikẹ́ni ò sì jẹ mí ní nǹkan kan. Mo ra òmíràn. Kò sí ọyẹ́ lóṣù kẹwàá, àmọ́ òjò wà.

Ìyá Aláṣọ

Rélùwéè ńkọ́? Èmi a máa wọ̀ ọ́ ní Mọ́níyà bí mo bá ń lọ ra aṣọ ní Balógun. Láti 2021 ló ti ń ṣiṣẹ́, kìlómítà 157 ni, ó máa ń gbà wá ní nǹkan bíi wákàtí méjì ààbọ̀. Bí ẹ bá sọ̀ ní Agége, ẹ ò jìnnà sí pápákọ̀ mọ́. Kò sí gúlúgúlú, kò sí gáràgárà, mo máa ń sùn ni. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè wọ tàárọ̀ kẹ́ ẹ bá bàálù 10:40. Ti ọjọ́ tó ṣáájú ni.

Awakọ̀ Gáréèjì Òkè

Ìyá Aláṣọ sọ̀rọ̀ dáadáa, àmọ́ ìyá tó ń lọ wẹ ọmọ, ẹ mọ irú ẹrù tó máa ń gbé. Gbígbé e láti inú ọkọ̀ sínú rélùwéè, láti inú rélùwéè sínú ọkọ̀, á rẹ̀ wọ́n.

Ẹ gbọ́ tèmi tí mò ń na ọ̀nà yìí lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀. Ó lé ní 200 kìlómítà. Bí ọ̀nà bá ṣí, wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún. Ìṣòro rẹ̀ ni àárín ibí sí Ọ̀yọ́. Ọ̀nà tóóró ni, tírélà ló pọ̀ jù lórí rẹ̀, bí ọ̀kan bá sì ṣubú ní apá Odò Ọbà, ibi tí ẹ bá bá a ni ẹ ó wà. Mo ti dúró níbẹ̀ rí láti aago mẹ́rin àárọ̀, ìgbà tí wọ́n fi fà á kúrò, oòrùn ti mú. Nínú ọkọ̀ mi lọ́jọ́ náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tó ń lọ wọ bàálù aago mọ́kànlá. Ó bọ́lẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ rìn kọjá gbogbo tírélà yẹn pẹ̀lú báàgì lórí, ó wá ọ̀kadà lódìkejì. Ó pè mí lọ́jọ́ kejì pé òun ò bá a.

Ẹ gbéra lọ́jọ́ tó ṣáájú, ní aago mẹ́fà àárọ̀, kí ojú ti là. Kí Màmá sùn ní Ìkẹjà tàbí Ọ̀jọ̀dú. Bí tírélà mẹ́wàá bá ṣubú, ẹ ó ṣì dé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ọmọ Ajílété

Mo fara mọ́ ti Awakọ̀. Ẹ rò ó pọ̀: wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ ni bàálù, ṣùgbọ́n láti ẹnu ọ̀nà Màmá ní Tákíè dé ẹnu ọ̀nà ọmọ wọn, ó lé ní ọjọ́ kan. Ọjọ́ kan yẹn ni kí ẹ sọ fún wọn, kí wọ́n má baà rò pé àárọ̀ làwọn kúrò, ìrọ̀lẹ́ làwọn dé.

Àbíkẹ́yìn Màmá

Mo ti ka gbogbo rẹ̀ fún wọn, mo sì pe ẹ̀gbọ́n mi. A ti fi ti Ìlọrin sílẹ̀. 15 oṣù kẹwàá, aago mẹ́fà àárọ̀, ọkọ̀ àdáni, àbúrò Màmá wà ní Ọ̀jọ̀dú. Dókítà ti rí wọn, ó kọ ìwé. Màmá ní kí n bá wọn kí Tíṣà, wọ́n ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí igbá yín fọ́.

Àbíkẹ́yìn Màmá (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ní mo máa padà wá sọ bó ṣe lọ.

Tírélà dí wa lọ́nà ní Odò Ọbà fún wákàtí méjì. Mo wo ojú Màmá, wọn ò mira, wọ́n ń jẹ bísíkítì wọn. A dé Ọ̀jọ̀dú ní aago kan ọ̀sán. Lọ́jọ́ kejì, bàálù gbéra ní 11:05, kì í ṣe 10:40. Wọ́n dé ní 5:20. Wọ́n ní wọ́n yí po lókè ìlú náà lẹ́ẹ̀mẹta, obìnrin tó jókòó tì wọ́n ń gbàdúrà kíkankíkan, àwọn ni wọ́n dì í lọ́wọ́ mú, wọ́n ní, "Má bẹ̀rù, ìlà ni wọ́n tò sí." Ẹnìkan ti gbé àga dúró dè wọ́n. Aago méje alẹ́, wọ́n ti jẹun, wọ́n ti lo oògùn nílé ẹ̀gbọ́n mi.

Ìyàwó ti bí. Ọmọbìnrin ni.

Aago ọwọ́ Màmá, èyí tí Bàbá rà fún wọn, wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ní ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù kẹwàá, fóònù mi dún láàárọ̀ kùtù. Àwọn ni. Wọ́n ní, "Wọ́n ti dá a padà o. Ti ara ògiri ní márùn-ún, tèmi ní mẹ́fà. Aago mélòó ló lù ní Tákíè?"

Mo ní mẹ́fà ni, Màmá.